Àrùn Tó Pọ̀, Àrùn Tó Ṣọ̀wọ́n: Ta Ni Ká Dá Lẹ́bi Lórí Owó Oògùn?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Tchaourou, níwájú àwọn ọba, àwọn baálẹ̀ àti àwọn aṣojú abúlé

  

Ẹ ó rántí ohun tó dá ariwo sílẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá. Ìdílé kan wá bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ọmọ wọn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Àwọn kan ní rárá, pé owó ìlera ẹgbẹ́ kò tó nǹkan, ibà ló ń pa ọmọ jù, ibà ni ká fi owó náà jà. A kì í kó owó gbogbo ìlú lé ọmọ kan lórí. Ìyẹn ṣì dáa, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ẹlòmíràn wá sọ èyí tó le jù: ó ní ṣebí àwọn òbí ni kò lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fẹ́ra, kí wọ́n lọ gbé ẹrù ara wọn. Ìyá ọmọ náà wà ní ìjókòó. Ìpàdé tú láìfẹnu kò. Ẹ wá ní kí àwa tí ẹ fi ọ̀rọ̀ ìlera lé lọ́wọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a padà wá sọ ohun tí a rí.

A ti padà dé. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ibà, torí ẹni tó ní ibà ló ń pa ọmọ jù kò purọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2023 nìkan, ibà pa nǹkan bí 597,000 ènìyàn. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ ti Áfíríkà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù. Kò sí ilé kan níbí tí kò mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ta ló ń sanwó ibà? Àwọ̀n ẹ̀fọn tó wà lórí ibùsùn yín, ẹ ò rà á lọ́jà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in, bí ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Àpò owó àgbáyé kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002 láti bá éèdì, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà jà. Amẹ́ríkà náà ti fi owó ibà ránṣẹ́ sí wa fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní 2011 ni ìjọba wa ní kí wọ́n má gba owó ìtọ́jú ibà mọ́ lórí aláboyún àti ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà kún àwọn tí wọ́n ń gún fún ọmọ wẹ́wẹ́. A ò sọ pé gbogbo èyí tó. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, gbogbo wa la rí i pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Síbẹ̀, ibà ní ẹni tó ń gbọ́ tirẹ̀. Franki kan tí ẹgbẹ́ wa bá fi kún un, orí òkìtì ló bọ́ sí.

Ejò ńkọ́?

Ta ló ti wá pín abẹ́rẹ́ oró ejò fún wa rí? Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ paramọ́lẹ̀ kékeré inú koríko yẹn, èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ, tó ń fi ìpẹ́ ara họ ara wọn bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹsẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde lẹ́nu, ní èrìgì, nínú ìtọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ya sínú ọpọlọ, ó tán. Ọ̀nà tí ilé ìwòsàn fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò dígí, wọ́n á gbé e kalẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá dì, oró ti wọlé. Ṣùgbọ́n mímọ̀ kì í ṣe ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́ oró nìkan ló lè mú kí ẹ̀jẹ̀ padà sípò, kì í sì í sí ní ilé ìwòsàn abúlé. Orí zémidjan ni wọ́n á gbé aláìsàn sí, nínú òjò, ó di Papanè, ó di Parakou. Nígbà míì wọ́n á débẹ̀ tán, wọ́n á ní kí wọ́n lọ wá owó ìgò àkọ́kọ́ wá ná.

Kí ló dé tí kì í sí ní abúlé? A béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó oògùn ilé ìwòsàn, ìdáhùn wọn sì la wá lójú. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà ti pàdé ní Bamako ní 1987, ètò tí a ń lò nìyí: ará ìlú á ra oògùn ní owó pọ́ọ́kú, ilé ìwòsàn á fi owó náà ra òmíràn rọ́pò. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ètò náà dáa, òun ni kò jẹ́ kí pákó ìkóògùn ṣófo. Àmọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ohun tó bá ń tà ló ń rà. Oògùn orí fífọ́ ń tà, oògùn ibà ń tà. Abẹ́rẹ́ ejò wọ́n gógó, abúlé kan lè lo oṣù mẹ́jọ kí ẹnikẹ́ni tó nílò rẹ̀. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá lórí pákó, owó ti wọlẹ̀. Olùtọ́jú oògùn kò níkà nínú. Ìṣirò rẹ̀ ni kò gbà á.

Ẹ di èyí mú, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní Faransé. Ilé-iṣẹ́ Sanofi Pasteur ń ṣe abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Fav-Afrique, tó ń ṣẹ́ oró oríṣi ejò mẹ́wàá ní Áfíríkà. Wọ́n dáwọ́ dúró ní 2014. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Médecins Sans Frontières kígbe síta ní 2015 pé ẹ̀mí á ṣòfò, ṣùgbọ́n ìgò tó kẹ́yìn kọjá ọjọ́ ìlò rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Kí ni ilé-iṣẹ́ náà wí? Pé àwọn oògùn tí owó wọn kéré ti gba ọjà lọ́wọ́ àwọn.

Èyí ló jẹ́ kí a máa ṣọ́ra ká tó na ìka sí ẹnì kan. Ó rọrùn láti ní “òyìnbó ló ń pa wá”. Àmọ́ ta ló ń ra àwọn oògùn olówó kékeré náà? Àwọn ìjọba wa ni. Ní Gánà nítòsí wa níbẹ̀, ilé ìwòsàn kan yí padà sí abẹ́rẹ́ tó dínwó, tí wọ́n fi oró ejò Íńdíà ṣe. Ejò Íńdíà kì í ṣe ejò tiwa. Kí wọ́n tó yí padà, nǹkan bí ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún tí ejò bù jẹ ló ń kú lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìyípadà, ó di méjìlá. Ilé-iṣẹ́ kan wá owó, ìjọba kan wá ohun tó rọjú, oníṣòwò kan ta ohun tí kò bá ejò ilẹ̀ yìí mu. Ẹni tó ń roko ló gba gbogbo rẹ̀ sára. Ká wá yíjú sí i ká ní “ìwọ ni o ò wọ bàtà lọ sóko”! Ẹ jọ̀ọ́, kò bójú mu.

Oṣù kẹfà ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kọ ejò bíbunijẹ sára àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Nínú ìṣirò tiwọn, ó ń pa láti 81,000 dé 138,000 ènìyàn lọ́dọọdún. Ó ti ń pa wá láti ayébáyé, ìwé ni kò tíì dé.

Ẹnì kan lè ní ṣebí ilé-iṣẹ́ oògùn kan náà ti ṣe wá lóore rí. Òótọ́ ni. Àwọn àgbà tó gbé létí odò Ouémé àti Okpara rántí àrùn tí eṣinṣin odò ń kó wọnú ara, tó ń họni lára, tó ń fọ́ni lójú, tí àwọn ènìyàn fi ń fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ sá lọ. Orílẹ̀-èdè wa wà lára méje tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ogun àrùn náà pẹ̀lú ní 1974, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ọkọ̀ òfurufú ló ń fọ́n oògùn sójú odò. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ Merck ti Amẹ́ríkà ní àwọn á máa fúnni ní Mectizan lọ́fẹ̀ẹ́, iye tí a bá fẹ́, títí dìgbà tí a ò bá nílò rẹ̀ mọ́. Òun ni oògùn tí wọ́n ń fi igi wọn gíga ẹni kí wọ́n tó kà á síni lọ́wọ́. Ọpẹ́ ni fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọ̀kan fúnni, èkejì dáwọ́ dúró, kò sì sí òfin tó sọ pé kí èyí ṣe bẹ́ẹ̀ tàbí kí tọ̀hún má ṣe bẹ́ẹ̀. Ore-ọ̀fẹ́ ni. Ìlú kì í jókòó sórí ore-ọ̀fẹ́ kó ní òun ní àga.

A dé orí ọmọ SS wàyí, èyí tó jẹ́ orísun ọ̀rọ̀.

Àwọn ará ilé wa Nàìjíríà ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn dókítà wa ń pè é ní drépanocytose. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bí dòjé, á dí iṣan, egungun á máa ro ọmọ bí ẹni ń fi òlù gún un. Iye ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún lé ní 300,000 káàkiri ayé, ó sì ju mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ tí wọ́n bí ní Áfíríkà wa yìí. Ní Bẹ̀nẹ̀, nínú ènìyàn márùn-ún tó jókòó síbí, ó kéré tán ẹnì kan gbé S tàbí C nínú ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀. Àrùn náà wá jẹ́ tiwa débi pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi orúkọ Bẹ̀nẹ̀ sọ oríṣi rẹ̀ kan.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní 1983, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe oògùn fún àrùn tí kò mú tó 200,000 ènìyàn ní ilẹ̀ wọn, ìjọba á ràn án lọ́wọ́ nínú owó orí, á sì fún un ní ọdún méje tí ẹlòmíràn ò ní lè ta irú rẹ̀. Òfin rere ni, torí àwọn aláìsàn tí wọn ò pọ̀ kò rí ẹni ṣe oògùn fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ní SS lọ́dọ̀ wọn tó nǹkan bí 100,000. Nítorí náà, àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n kà á sí. Àrùn tó wà ní gbogbo ọjà wa! Láti abẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ni oògùn kan ti jáde ní ìparí ọdún 2023, Casgevy, tí wọ́n gbà wọlé ní Britain, lẹ́yìn náà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á yọ ohun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀rá egungun aláìsàn, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á dá a padà. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, fún ẹnì kan. Ní sẹ́fà, ó ju mílíáàdì kan lọ. Ọmọ Kika wo ni yóò rí i gbà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Kò sí àrùn tó ní “mo pọ̀” tàbí “mo ṣọ̀wọ́n” lójú ara rẹ̀. Ibi tí ẹni tó ń kà bá fa ààlà sí ló ń sọ ọ́ di púpọ̀ tàbí díẹ̀. SS ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà, ó pọ̀ níbí. Ejò ṣọ̀wọ́n lójú olùtọ́jú oògùn abúlé kan, ṣùgbọ́n bí a bá ka arrondissement méjèèje pọ̀, kò sí àsìkò òjò tí kì í ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá wí pé “ọmọ kan péré”, ẹ bi í pé níbo lo ti ka á. Ọmọ kan ní àdúgbò rẹ ni. Mélòó ni láti ibí dé Bétérou?

Kí a má sì jẹ́ kí mílíáàdì Amẹ́ríkà yẹn dẹ́rù bà wá débi tí a ó fi ká ọwọ́ gbera. Ní Kútọnu, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohamed Chérif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti àwọn ọdún 1990 lórí ọmọ SS àti aláboyún SS. Ní 2003 wọ́n tẹ àbájáde jáde lórí ọmọ 236 tí wọ́n tọ́jú. Kí ni wọ́n lò? Wọ́n kọ́ àwọn òbí bí wọn ó ṣe máa tọ́jú ọmọ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n sáré wá, wọ́n dènà kòkòrò àti ibà, wọ́n bójú tó oúnjẹ. Ara ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà le sí i. Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, ará Bẹ̀nẹ̀ ló ṣe é. Oògùn kan sì wà, hydroxyurea, tó ti pẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ ní Àǹgólà, Kóńgò ti Kinshasa, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 2018: ìrora dín kù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dín kù, ikú dín kù. Kódà ibà tó ń mú wọn dín kù. Hóró oògùn ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Ní ti ẹ̀bi òbí: ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò kó tó gbéyàwó nínú àwa tó jókòó síbí? Ẹ̀rọ tó ń sọ AS yàtọ̀ sí AA kò sí ní abúlé. Ìlú ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń gbowó lé e. A ò lè fi ilẹ̀kùn pamọ́ ká tún na ènìyàn pé kò wọlé. Àti pé, ẹ má bínú, ìyá ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní abíkú ni, wọ́n á ní ó ní nǹkan lọ́wọ́, ọkọ á fẹ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ S kan wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, S kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Kò sí bí ìyá ṣe lè dá a ṣe.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn tó ní “ibà ni kẹ́ ẹ bá jà” gbọ́dọ̀ gbọ́. Ní 1954, dókítà kan, Anthony Allison, tẹ ìwé jáde lórí ohun tó rí ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà: ibà líle kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ọmọ tó jẹ́ AS. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ ní ilẹ̀ ẹ̀fọn. Àwọn baba ńlá wa tó jẹ́ AS ló ye ibà, àwọn ló bí ọ̀pọ̀ wa. Ọmọ SS wá ni ẹni tó ń san gbèsè ààbò tí gbogbo ìran ti jẹ. Ibà àti SS, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. A ò lè fi owó ọ̀kan lé èkejì síta.

Kí wá ni a ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí? Kí a yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá owó ìlera ẹgbẹ́ sọ́tọ̀, kì í ṣe ní abúlé kọ̀ọ̀kan bí kò ṣe lápapọ̀, arrondissement méjèèje sínú àpò kan. Èyí tó kù, kó wà fún ibà àti fún ìbímọ bó ti wà. Àpò náà á ra abẹ́rẹ́ ejò tó bá ejò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mu, pẹ̀lú ìmọ̀ràn dókítà, kó tó wọ àsìkò òjò. Èyí tó jẹ́ ẹ̀tù wà, tí kò bèèrè fíríìjì ní dandan. Ilé ìwòsàn tó bá lò ó á gba òmíràn padà, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ á lọ síbi tí wọ́n ti ń lò ó jù. Àpò kan náà á máa ran àwọn òbí ọmọ SS lọ́wọ́ lórí owó ọkọ̀, oògùn oṣooṣù àti àyẹ̀wò.

A fi ààlà kan sí i. Ohun tí a kò bá lè ṣe fún gbogbo ọmọ tó wà nípò kan náà, a ò ní ṣe é fún ọ̀kan torí pé bàbá rẹ̀ mọ wá. Nítorí náà a ò ní dá owó láti gbé ẹnikẹ́ni lọ sílùú òyìnbó. Yóò dun ẹlòmíràn, a mọ̀. Ẹ̀wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi aláìsàn léèrè níwájú àpò yìí pé kí ló dé tó fi ṣàìsàn.

Ní ti kọmíìnì, ẹ̀yin ọba wa ni ohùn yín dé ọ̀dọ̀ mẹ́ẹ̀rì. Kí ẹ bá wa béèrè pé kí kọmíìnì fi franki kan lé franki kan tí a bá dá. Àwọn tó ń bọ̀ wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa náà, kí wọ́n gbọ́ ìbéèrè yìí kí wọ́n tó gbọ́ ìlù. Ní Abuja, oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí pé nínú ọgọ́rùn-ún franki ìṣúná ìjọba, ìlera á gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí wọ́n wá sọ ibi tí wọ́n bá a dé.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin baálẹ̀. Bí a bá dé iwájú mẹ́ẹ̀rì, á bi wá pé mélòó ni. Akọ̀wé ti ní ìwé kan lọ́wọ́, ojú ìwé kan fún abúlé kan, ìlà mẹ́rin péré: iye àwọn tí ejò bù jẹ láti ọdún tó kọjá, iye àwọn tó kú nínú wọn, iye ọmọ tí dókítà ti ní SS ni, iye ìdílé tó ti sin ju ọmọ méjì lọ láìmọ ohun tó pa wọ́n. A ò fẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, iye nìkan ni. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó sọ fún tíṣà kó bá a kọ ọ́. Kí gbogbo rẹ̀ padà dé ọwọ́ akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé.